Abẹ́ kámpà ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù: kí la lè fi bò ó, ibo la sì ti gbọ́dọ̀ fún un lágbára?

#1 · AwakọJẹ́jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Irú kámpà (yàrá kékeré tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀ lójú ìrìn àjò) tí a máa ń gbé lé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, tí a sì lè fi jáàkì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé kúrò, ni mò ń sọ. Igi ni egungun rẹ̀. Plywood mìlímítà 12 ló wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n sì fi kùn ún látìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀dà náà ti ń ṣí. Lẹ́yìn, níbi tó ti yọ kọjá ẹnu ọkọ̀, etí plywood ti wú, ìpele rẹ̀ sì ti ń pínyà. Súkúrù méjì lára irin tó di jáàkì ẹ̀yìn mú lọ́wọ́ òsì ń yí lófo, wọn ò fún mọ́.

Èrò mi ni kí n fi kóòtà tí wọ́n ń kùn sábẹ́ mọ́tò bo gbogbo rẹ̀, kí n wá kan páànù irin mìlímítà 2 mọ́ gbogbo abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kó lè lágbára. Kámpà náà wúwo tó kìlò 1,200 láìsí omi nínú táǹkì. Ṣé kí n máa bá a lọ?

#2 · ỌmọKáfíńtà

Ọ̀gá mi, ẹ dákun, ẹ má tíì ra kóòtà yẹn.

Ohun tó ń pa abẹ́ kámpà kì í ṣe òkúta ojú títì. Omi tó wọnú igi tí kò rọ́nà jáde ni. Plywood tó ti mu omi, tí ẹ wá fi kóòtà bò, kò ní gbẹ mọ́ láé. Omi lẹ dáàbò bò yẹn, kì í ṣe igi. Yàtọ̀ síyẹn, èròjà tí wọ́n fi ń yọ́ kóòtà máa ń jẹ fóòmù funfun tó wà láàárín igi ilẹ̀. Tó bá ti kàn án, fóòmù á yọ́ dànù, ihò á ṣẹ́kù. Bí oòrùn bá mú, kóòtà á rọ̀, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, á wá máa ha ọ̀dà ilẹ̀ ọkọ̀ yín. Èyí tó burú jù ni pé kò sí ọ̀dà tàbí góòmù gidi tí yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí kóòtà bá ti kọ́kọ́ kàn. Bí ẹ bá yí ọkàn padà lọ́la, ẹ ó ha á títí apá yín á fi kú.

Ti páànù irin: ilẹ̀ tó gùn ní mítà 2.4, tó fẹ̀ ní 1.2, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà onígun mẹ́rin 2.9. Irin mìlímítà 2 wúwo tó kìlò 15.7 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Kìlò 45 nìyẹn, a ò tíì ka súkúrù. Kí sì ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Àárín ilẹ̀ kámpà kì í dá ẹrù gbé. Ilẹ̀ ọkọ̀ ló gbé e láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi mẹ́jọ péré ni agbára ti ń kọjá wọnú igi: ibi jáàkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ojú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi ń so ó mọ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ló nílò irin. Ibi yòókù, kó gbẹ, kó sì wà ní gbígbẹ ló nílò.

#3 · ÌyáÒrùlé

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ỌmọKáfíńtà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ kámpà lọ, ẹ wo òkè rẹ̀ ná. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ igi tó ń rà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, láti òkè lomi rẹ̀ ti ń bọ̀: etí òrùlé, ìdí iná kéékèèké tó wà lókè ẹ̀yìn, igun fèrèsé. Omi á sọ̀ gba inú ògiri wá, á sì pàdé sórí igi ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá wá dí abẹ́ rẹ̀ pa, garawa lẹ ṣe yẹn.

Bí a ṣe ń wá a: ẹ pa gáàsì láti orí sílíńdà. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ da omi díẹ̀ sójú ihò síǹkì kí afẹ́fẹ́ má gba ibẹ̀ jáde. Ẹ gbé fáànù tó lágbára sójú ihò atẹ́gùn òrùlé kó máa fẹ́ wọnú, ẹ fi páálí àti téèpù dí àyíká rẹ̀. Kí ẹnì kan wá máa fọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀ níta. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ lomi òjò ń gbà wọlé. Ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe, kí ẹ tó bọ́ sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá mítà tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin inú igi, èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì. Ẹ gún un ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sára igi níbẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dáa. Láti 20 lọ sókè, ẹ má fi ohunkóhun bò ó. Olú tó ń jẹ igi sábà máa ń nílò nǹkan bíi 28 sí 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àmọ́ a kì í jẹ́ kó sún mọ́ ọn, torí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún nìkan ni mítà rí.

#4 · AwakọJẹ́jẹ́

Ẹ ṣé gan-an, màmá. Omi ọṣẹ hó ní ìdí iná ẹ̀yìn méjì. Mítà mú 11 sí 12 láàárín ilẹ̀, 19 lábẹ́ apá òsì, ìyẹn ibi tó yọ sókè etí ọkọ̀, àti 26 lẹ́yìn. Bí mo bá fi ẹnu ìṣó gún ẹ̀yìn yẹn, ó ń wọlé ní sẹ̀ǹtímítà kan láìlo agbára. Ṣé mo lè fi jáàkì rẹ̀ gbé e sókè, kí n wọ abẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́?

#5 · Alágbẹ̀dẹÀgbà

Àbúrò, má wọ abẹ́ rẹ̀ o! Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé súkúrù irin tó di jáàkì kan mú ń yí lófo. Jáàkì kámpà wà fún gbígbé sókè àti sísọ̀ kalẹ̀, kò sí fún kí èèyàn sùn sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe gùn tó ni ìfì tó ń bọ́ sára irin tó dì í mú ṣe ń pọ̀ tó. Atẹ́gùn kan péré, tàbí ẹnì kan tó gun inú rẹ̀ láìmọ̀, ó parí.

Ṣe é báyìí. Tú omi gbogbo táǹkì dànù, pa gáàsì, yọ okùn bátìrì. Gbé kámpà sókè kọjá ilẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀, wa ọkọ̀ jáde, kí o sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sórí igi tí o ti tò ní ìdábùú lé ara wọn, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Orí ilẹ̀ líle tó tẹ́ ni kí o tò wọ́n sí. Abẹ́ igi ńlá tó gba ilẹ̀ kámpà já láti iwájú dé ẹ̀yìn ni òpó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe abẹ́ apá, torí apá ò lè gbé e. Jẹ́ kí òpó kọ̀ọ̀kan lè gbé ìlọ́po méjì ìpín tirẹ̀: bí kámpà bá jẹ́ kìlò 1,200, òpó kan á lè gbé 600. Sẹ̀ǹtímítà 70 tó fún ọ láti fi àpótí jókòó ṣiṣẹ́; má gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jáàkì á kàn kanlẹ̀ díẹ̀ fún ìdúróṣinṣin ni, ẹrù á wà lórí igi.

Tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbi tí òpó bá bò, o ò ní gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi òpó karùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí o tó yọ èyí tó wà níbẹ̀.

#6 · ỌmọKáfíńtà

Ó ti ye wa báyìí: àárín dáa, apá òsì nílò kó gbẹ, ẹ̀yìn ti rà. Iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àárín: ẹ ha ọ̀dà tó ń ṣí kúrò, ẹ fi sáńpépà 80 ha á títí igi á fi hàn. Ẹ má lo iná láti fi bó ọ̀dà, fóòmù wà lókè rẹ̀.

Apá òsì: ẹ ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò kó lè mí, ẹ gbé fáànù sí i. Ẹ máa wọn ibì kan náà ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ìgbà tí iye náà bá dúró, tí kò lọ sílẹ̀ mọ́, tó sì wà lábẹ́ 15, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Ẹ̀yìn: àwọn kan á ní kí ẹ da epoxy olómi (résíìnì àti hádínà tí a ń pò pọ̀ kó lè gan) sí igi tó rà, pé á le padà. Á le lóòótọ́ lójú, àmọ́ kò ní agbára igi mọ́, súkúrù tí ẹ bá sì fi síbẹ̀ á tún yọ. Ẹ gé e. Ẹ gé kọjá ibi tí ẹnu ìṣó ti ń wọlé títí dé ibi tó le, kí ẹ tún fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 15 kún un, torí fọ́nrán olú máa ń ṣáájú ibi tí ojú rí. Bí ẹ bá lo ayùn oníná, ẹ ṣètò ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kó jẹ́ ìwọ̀n plywood gan-an, torí wáyà àti páìpù lè wà lókè rẹ̀.

Igi ilẹ̀ tí orí rẹ̀ bá rà: ẹ gé orí náà, ẹ fi igi tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu ti èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó bá a rìn fún sẹ̀ǹtímítà 40 ó kéré tán. Góòmù epoxy láàárín wọn, bóòtì M8 (tó nípọn ní mìlímítà 8) mẹ́ta. Kí ẹ má tò wọ́n sórí ìlà kan náà, kí igi má bàa là.

Plywood tuntun: irú èyí tí góòmù rẹ̀ kì í tú sínú omi ni kí ẹ rà, mìlímítà 12, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó dáa jù láti so ó mọ́ ti àtijọ́ ni kí ẹ gé etí méjèèjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìlọ́po mẹ́jọ ìnípọn rẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 10 fún ti mìlímítà 12. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lókè orí, kó fi pátákó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15 gbè é lókè níbi tí etí méjèèjì ti pàdé. Kò lẹ́wà tó, àmọ́ ó ń gbé.

Epoxy wá kàn. Kí ẹ tó gbé plywood tuntun sókè, ẹ kùn ún lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílẹ̀: òkè, ìsàlẹ̀, àti etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Etí, ìyẹn ojú ibi tí ayùn ti kọjá, ló ń mu omi jù. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta léra-léra, kó tó gbẹ lẹ tún ń kùn, títí kò fi ní mu mọ́. Bó bá jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan lẹ kùn, omi á gba etí wọlé, kò sì ní rí ibi gbà jáde mọ́. Ó sàn kí ẹ fi í sílẹ̀ láìkùn ju kí ẹ kùn ún ní ìlàjì lọ.

Ẹ kíyè sí àkókò: ìrọ̀lẹ́ tí igi ti ń tutù ni kí ẹ kùn ún, kì í ṣe àárọ̀ tí oòrùn ń gun orí rẹ̀ bọ̀. Bí igi bá ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa jáde, ọ̀dà á kún fún ihò wẹ́wẹ́. Bó bá ń tutù, á máa fa epoxy wọnú. Ìwọ̀n résíìnì sí hádínà, ohun tó wà lára agolo ni. 2 sí 1 ni àwọn kan, 5 sí 1 ni àwọn mìíràn. Ẹni tó bá fi hádínà kún un kó lè tètè gan ti bà á jẹ́ ni. Ẹ má pò ju gíráàmù 250 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tètè dà á sínú àwo pẹrẹsẹ. Bó bá dúró sínú kọ́ọ̀pù, á gbóná débi tí á máa rú èéfín.

#7 · AwakọJẹ́jẹ́

Epoxy wo ni yóò tó mi? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

#8 · ỌmọKáfíńtà

Ilẹ̀ 2.9, abẹ́ apá méjèèjì bíi 1.7, ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ tó wọnú ọkọ̀ bíi 2.4, iwájú 0.6. Ẹ jẹ́ ká pè é ní mítà onígun mẹ́rin 7.5. Kíkùn àkọ́kọ́ á mu gíráàmù 150 sí 200 ní mítà kan, torí igi ń mu ún. Èkejì àti ẹ̀kẹta bíi 100 sí 120. Gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ kìlò 3. Bí ẹ bá fi aṣọ fáíbà (aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun) onígíráàmù 200 bo ilẹ̀ nìkan, aṣọ yẹn á mu bíi 400 ní mítà kan pẹ̀lú èyí tí a fi ń dí ojú rẹ̀, ìyẹn kìlò 1.2. Ẹ fi ìfiṣòfò kún un: ẹ ra kìlò 5.

#9 · PáànùFúyẹ́

Mo gbà pé irin ti wúwo jù, àmọ́ kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ alumíníọ̀mù? Mìlímítà 1.5 kò ju bíi kìlò 4 lọ ní mítà onígun mẹ́rin. Òkúta tí táyà ẹ̀yìn ń ta sókè máa ń gé ọ̀dà abẹ́ apá àti ti ẹ̀yìn, epoxy nìkan ò lè gba ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi alumíníọ̀mù bò ó pátápátá, ẹ fi góòmù lẹ̀ ẹ́, ó tán.

#10 · ỌmọKáfíńtà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ibi “lẹ̀ ẹ́ pátápátá” ni mi ò bá yín dé. Páànù máa ń tutù ju igi lọ lóru, ọ̀rinrin inú kámpà á dì lójú rẹ̀ tó kọjú sígi. Góòmù tó bá ṣí níbì kan péré, omi wọ àárín, igi á rà tán kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, torí páànù á ṣì máa dán lóde.

Bí asà, ó dáa gan-an, níbi tí táyà ń ta omi àti òkúta sí nìkan. Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi epoxy kùn parí. Ẹ wá fi rọ́bà kéékèèké mìlímítà 10 dá a dúró kúrò lára igi kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn, kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Wáṣà náílọ́nù gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ orí súkúrù tí kì í dógùn-ún, torí bí omi iyọ̀ bá dé àárín súkúrù bẹ́ẹ̀ àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ni yóò bàjẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kó kan igi tí wọ́n ti fi oògùn onídẹ bàbà rẹ, bàbà inú rẹ̀ máa ń jẹ ẹ́ lu.

#11 · PáànùFúyẹ́

Mo gba ti àlàfo yẹn. Àmọ́ mìlímítà 10 kéré níbi tí ẹrẹ̀ pọ̀, á dí. Ẹ jẹ́ kó tó 15, kó sì ṣeé tú fọ̀. Ẹ má gbàgbé rọ́bà ẹ̀yìn táyà: ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ò ní in, tàbí èyí tó wà níbẹ̀ ti kúrú. Èyí tó bá fẹ̀ ju táyà lọ díẹ̀, tó sì sún mọ́ ilẹ̀, máa ń dín omi tó ń dé abẹ́ kámpà kù ju ọ̀dà èyíkéyìí lọ.

#12 · Alágbẹ̀dẹÀgbà

Ẹ jẹ́ ká padà síbi irin tó di jáàkì mú, torí ibẹ̀ ni ewu wà.

Bí súkúrù bá ti ń yí lófo, má fi èyí tó sanra rọ́pò rẹ̀, má sì fi igi tínrín dí ihò rẹ̀. Tú irin náà kúrò, yẹ igi igun wò. Bó bá rà, pààrọ̀ rẹ̀ bí ỌmọKáfíńtà ṣe sọ. Bó bá le, lo bóòtì tó gba igi já, M10, mẹ́rin fún jáàkì kan, èyí tí kì í dógùn-ún. Nínú, lẹ́yìn igi, fi alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ mìlímítà 6 sí i, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ara rẹ̀ kọjá. Òun ló ń pín agbára káàkiri. Wáṣà kékeré á kàn rì wọnú igi ni. Bí ògiri inú kò bá jẹ́ kí ọwọ́ dé ẹ̀yìn rẹ̀, gé ojú kékeré sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí o bò ó padà lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń sá fún gígé ògiri ni ẹni tí jáàkì máa ń já mọ́ lọ́wọ́.

Ihò bóòtì: lu ú ní mìlímítà 16. Fi téèpù dí ẹ̀yìn rẹ̀, po epoxy pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun silica títí yóò fi ki tí kò ní ṣàn, ki í kún inú ihò náà. Lọ́jọ́ kejì, lu 10.5 gba àárín rẹ̀. Báyìí, bí omi bá tilẹ̀ gba ara bóòtì wọlé, ara epoxy ni yóò kàn, kò ní kan igi. Irú ihò kan náà ni kí o ṣe fún ojú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn wọn. Àwọn ti iwájú ló ń jìyà jù: ibẹ̀ ló ń gba gbogbo ìjà nígbà tí ọkọ̀ bá ń fò lórí kòtò.

Dí ìdí irin náà pẹ̀lú góòmù polyurethane tàbí téèpù butyl. Má lo sílíkóònù, ọ̀dà kì í mú un, àbọ́kù rẹ̀ ò sì ní jẹ́ kí góòmù mìíràn lẹ̀ níbẹ̀. Fún nọ́ọ̀tì títí irin pẹlẹbẹ á fi jókòó dáadáa. Bí igi bá ti ń fẹ́ wọlẹ̀, dúró. Tún un fún lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́.

#13 · AwakọJẹ́jẹ́

Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ti aṣọ fáíbà: òkè orí mi ni abẹ́ kámpà wà, ṣé kò ní máa jábọ́ sójú mi?

#14 · ỌmọKáfíńtà

Á jábọ́, bí ẹ bá rẹ ẹ́ kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ kùn igi lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ dúró títí ọ̀dà á fi máa lẹ̀ mọ́ ìka tí kò sì ní yí ìka. Ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ tí ẹ ti gé ní fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60 tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì. Á dúró fúnra rẹ̀. Ẹ fi rólà kékeré rẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ títí aṣọ kò fi ní funfun mọ́. Kí ìkejì gun ìkíní ní sẹ̀ǹtímítà 5. Gbogbo etí tí aṣọ máa yí gbà, ẹ ha á kó rí róbótó ní ó kéré tán mìlímítà 6, torí aṣọ kì í lẹ̀ mọ́ igun tó mú, á dìde, afẹ́fẹ́ á wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí epoxy bá gan tán, nǹkan yíyọ̀ bí ọ̀rá lè hù lójú rẹ̀. Omi lásán àti kànìnkànìn líle ló ń bó o, kì í ṣe sípíríìtì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ha á, ẹ kàn gún ọ̀rá yẹn wọnú ni, ọ̀dà tó bá gun orí rẹ̀ á ṣí. Ìbọ̀wọ́ àti ìbojú ò ṣeé fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ òkè orí. Bó bá kan ara, ọṣẹ àti omi ni.

#15 · ÌyáÒrùlé

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ mú téèpù, ẹ sàmì sí ibi tí a KÒ GBỌDỌ̀ dí.

Àkọ́kọ́ ni ihò tó wà nísàlẹ̀ àpótí sílíńdà gáàsì. Gáàsì ìdáná, propane, wúwo tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ afẹ́fẹ́. Bó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ihò yẹn ló ń gbà jáde. Mo ti rí àwòrán kámpà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ọ̀dà rọ́bà kùn ún mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ń dán, ihò náà ti pòórá. Bọ́ǹbù ni. Ẹ má sì fi nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ bò ó, ẹrẹ̀ á dí i. Ihò atẹ́gùn àpótí bátìrì àti ẹnu èéfín ẹ̀rọ amúlégbóná náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tí a ti ń tú omi gbígbóná dànù. Ọwọ́ táǹkì omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ṣì ṣeé fà lẹ́yìn tí ẹ bá parí.

Ihò tí wáyà àti páìpù gbà wọlé nìkan ni ẹ lè dí pátápátá. Eku ń jẹ fóòmù tó ń wú, nítorí náà ẹ ki nẹ́ẹ̀tì bàbà sí i kí ẹ tó fi góòmù bò ó.

Nǹkan kékeré kan tí àwọn èèyàn máa ń fojú fò: ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀yìn, níbi tí ó ti pàdé abẹ́ ilẹ̀. Omi máa ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, á yí gba abẹ́, á sì máa rìn lọ sáàárín lábẹ́ plywood. Ẹ lẹ alumíníọ̀mù onígun kékeré síbẹ̀, kí etí rẹ̀ yọ sísàlẹ̀ ní mìlímítà 10. Omi á dé etí rẹ̀, á kán sílẹ̀.

#16 · AbẹRọ́bà

Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìtẹ́lẹ̀ oníke tí wọ́n máa ń gbé sínú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ó ń yọ̀, kámpà á máa rìn lórí rẹ̀ láìka okùn ìdè sí, omi sì ń dúró sábẹ́ rẹ̀. Nítorí ìyọ̀ kan náà, ẹ má kan ike líle sí abẹ́ kámpà bí ẹnì kan bá gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Rọ́bà ni kí ẹ tẹ́, mìlímítà 8 sí 10, èyí tó ní ilà lábẹ́. Kí ilà rẹ̀ gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ilà irin ilẹ̀ ọkọ̀, láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí omi lè rí ibi ṣàn gbà. Ẹ ṣí gbogbo ihò ìṣàn omi igun ilẹ̀ ọkọ̀. Ewé àti ẹrẹ̀ ló sábà ń dí wọn. Ẹ fi igi tí a fi rọ́bà bò sáàárín iwájú kámpà àti ògiri iwájú ẹ̀yìn ọkọ̀, kó má bàa sún síwájú nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì.

Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ gbé kámpà kúrò, ẹ fọ ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà yẹn náà ni kí mítà ọ̀rinrin tún jáde.

#17 · AwakọJẹ́jẹ́

Mo ti ní ètò báyìí. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé kí n fi oògùn boron (oògùn tó ń pa olú inú igi) kùn igi kí n tó fi epoxy sí i? Ṣé mo sì lè fi ọ̀dà bedliner (ọ̀dà líle tí wọ́n ń kùn sí ilẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù) gun orí epoxy, kí n gbé kámpà lé rọ́bà lọ́jọ́ kejì?

#18 · ỌmọKáfíńtà

Boron dáa fún igi àtijọ́ tó wà nítòsí ibi tí ẹ gé, torí ó ń wọlé dé ibi tí fọ́nrán olú wà. Ẹ kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi aṣọ tútù nu iyẹ̀ funfun tó bá hù lójú igi, ẹ tún jẹ́ kó gbẹ. Bí kò bá kúrò, epoxy á lẹ̀ mọ́ iyẹ̀ dípò igi. Ẹ mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ máa ń mú kí mítà abẹ́rẹ́ ka iye tó ga ju òótọ́ lọ, nítorí náà ẹ wọn ọ̀rinrin kí ẹ tó kùn ún, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bedliner: ó dáa, ó tilẹ̀ pọn dandan, torí oòrùn ń ba epoxy jẹ́ níbi apá àti ẹ̀yìn. Ẹ fi sáńpépà 80 ha epoxy lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú rólà. Ẹ má fi ìbọn fọ́n ọn bí ẹ ò bá ní ìbòmú tó ń fa atẹ́gùn mímọ́ wá láti ìta. Èròjà isocyanate tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọjọ́ kejì ti yá jù. Ó lè gbẹ lójú, àmọ́ inú rẹ̀ kò tíì gan, rọ́bà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan lórí òpó. Lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé e padà, ẹ wọ́n páúdà talc sórí rọ́bà.

#19 · Alágbẹ̀dẹÀgbà

Àbúrò, ọ̀rọ̀ kan sí i. Wo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ kí o tó fi alumíníọ̀mù kankan kún un. Ka kámpà, omi, gáàsì àti èèyàn pọ̀. Èyí tí o bá sì fi kún ẹ̀yìn, ibi tó yọ kọjá ẹnu ọkọ̀, ń fa àárín ìwúwo rẹ̀ sẹ́yìn. Ó gbọ́dọ̀ wà níwájú ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Bó bá ti kọjá rẹ̀, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, ìdarí á máa yọ̀ lọ́wọ́.